Bí A Ṣe Ń Yẹ Igbó Wò Lẹ́yìn Ìjì, Kí A Tó Sọ Pé Ó Ti Kú

Ẹni tó bá dé igbó El Yunque ní Puerto Rico lẹ́yìn ìjì María, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, á rò pé iná ló jó o. Igi wà ní ìhòòhò, gbogbo òkè pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló pọ òkúta ibẹ̀, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìjì àti òjò ló kù tó ń da igbó náà rú. Tí ẹ bá fẹ́ yẹ irú igbó bẹ́ẹ̀ wò, ẹ fi àdá sílé.

Ẹ kọ́kọ́ fi èékánná ha èèpo igi. Tí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tútù, ó wà láàyè. Lẹ́yìn ìjì Hugo ní 1989, ọ̀pọ̀ igi tí ewé wọn gbọ̀n dànù tún rúwé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pẹ orí òkè ibẹ̀ ńkọ́? Atẹ́gùn á já imọ̀ rẹ̀ lọ, mọ̀rìwò tuntun á tún yọ.

Ẹ wá wolẹ̀. Níbi tí oòrùn ti ráyè wọlé, ẹ ó rí igi kan wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní yagrumo: ewé rẹ̀ ya bíi ti ìbẹ́pẹ, ẹ̀yìn ewé náà funfun. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Hóró rẹ̀ ló ti sùn sínú ilẹ̀, tó ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Bí igi ńlá bíi tabonuco bá tún ṣíji bò ó, ó parí fún un nìyẹn. Nítorí náà, níbi tí ẹ bá ti rí àgbà yagrumo tí wọ́n ga dọ́gba, nǹkan kan ti ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ rí.

Ibi tí òkè ti ya lulẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ ọlọ́ràá, hóró àti gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀ ti bá ẹrẹ̀ lọ. Fern, ewéko kan tí kì í yọ òdòdó, ló máa ń bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń di ilẹ̀ mú lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń dí igi lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ má kó ẹ̀ka tó já sílẹ̀ dànù, ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù kàn. Ẹ kan nọ́ńbà mọ́ igi, ẹ wọn ìbú rẹ̀ ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ tún padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn lórí hẹ́kítà 16 nínú igbó yìí láti 1990. Níbi tí àwọn èèyàn ti dáko rí, irú igi tó wà níbẹ̀ ṣì yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Hugo jà títí, kò pa ojú oko náà rẹ́.