Ẹ Má Dà Á Pọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé lórí Pàǹtírí Tó Lè Padà Wúlò

Òkìtì ajílẹ̀ kan tí a kó dànù lódindi ló bí ìwé pélébé yìí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni àwọn ará ilé tó yí oko náà ká fi ń kó èèpo, ewé àti àjẹkù wọn wá. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò ní ó ti jinná: ó ti dúdú, ó ti kúnná. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rá dúdú kan tó ti ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni mo kọ́kọ́ fà jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àfọ́kù ìgò ni. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde kí n tó mọ ohun tó gé mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí bátìrì rédíò méjì tí inú wọn ti ṣàn síta. Èèyàn lè fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kó fi yọ ọ̀rá àti ìgò, àmọ́ kò sí asẹ́ tó ń yọ omi bátìrì. Bí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ṣe bá ààtàn lọ nìyẹn.

Àwọn èèyàn náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, òun náà sì ni mò ń bá pàdé níbi gbogbo tí mo bá dé: wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n ní tó bá yá àwọn á ṣà á. Mi ò tíì rí ẹni tó padà wá ṣà á rí.

Ọ̀rọ̀ ńlá tí wọ́n ń sọ

Ẹ ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàǹtírí pé "ọrọ̀ ajé alájàyípo". Kó má dẹ́rù bà yín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ohun tó jáde nínú oko padà sínú oko, kí ohun tó bàjẹ́ rí àtúnṣe, kí èyí tí kò ṣeé tún ṣe di ohun èlò fún òmíràn, kí ìwọ̀nba tí yóò dé ààtàn má tó nǹkan. Àgbẹ̀ ti mọ ìdajì rẹ̀ tipẹ́, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Ọ̀rọ̀ ará ilé ló kù. Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, oúnjẹ tó di ìdọ̀tí káàkiri ayé tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù, inú ilé àwa tí à ń gbé ni ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ti jáde. Ẹni tó bá ń nàka sí ọjà àti ilé oúnjẹ, kó kọ́kọ́ wo abẹ́ tábìlì ìdáná tirẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀kan

Ẹ̀kíní wà fún ohun tó ń jẹrà. Kó jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 tó ní ìdérí. Ẹ ya páálí tàbí bébà tí kò ń dán sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí omi má baà gbára jọ. Ẹ máa dà á sórí òkìtì ajílẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì, yálà ó kún tàbí kò kún. Ibi tí ọbẹ ti ń gé nǹkan ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Bó bá fi lè jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, kò sẹ́ni tí yóò rìn débẹ̀. Ibi tó bá sún mọ́ wọn ni àwọn ọmọ yóò da tiwọn sí.

Ẹ̀kejì wà fún ohun gbígbẹ tó ṣì ní ẹni tí yóò rà á tàbí gbà á: páálí, bébà, agolo, ìgò, ike. Gbígbẹ ni mo wí. Abọ́ ọbẹ̀ kan tó bá dà sínú àpò bébà ti ba gbogbo àpò náà jẹ́. Ẹ ṣan agolo àti ìgò kẹ́ ẹ tó jù ú sí i. Omi tẹ́ ẹ fi fọ abọ́ tán ti tó fún un, kì í ṣe omi mímu. Agolo alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú jù. Àtiyọ́ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n fi ń ṣe tuntun látinú òkúta, ó sì ṣeé yọ́ láìníye ìgbà, bíi ti ìgò. Bébà ní tirẹ̀ kì í kọjá ìgbà márùn-ún sí méje kí okùn inú rẹ̀ tó kúrú jù.

Ẹ̀kẹta ni ti olóró: bátìrì, gílóòbù iná, ọ̀dà, oògùn tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o, tí òjò kò sì ní dé. Ó lè gba ọdún kan kó tó kún, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń lọ sínú ẹ̀kẹrin. Bó bá ń kún yá ju ẹ̀kíní lọ, ẹ tún un tú wò, ẹ ó rí i pé ohun tó yẹ kó wà nínú àwọn mẹ́ta yòókù ló kún ibẹ̀.

Ẹ má dáná sun èyíkéyìí nínú wọn. Èéfín ike tí ń jó ní oró dioxin nínú, orí ewébẹ̀ yín ló sì ń bà lé.

Àjẹkù fún ẹran ọ̀sìn

Èèpo àti ewé, ẹ fún wọn, ó dáa. Àmọ́ àjẹkù tí ẹran wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀nà kan tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà ń gbà wọ inú ọgbà nìyẹn, kò sì ní oògùn tó ń wò ó. Kò sí "díẹ̀ péré" nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Òkìtì fúnra rẹ̀

Bọ́kẹ́ẹ̀tì 3 ohun gbígbẹ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì 1 ohun tútù. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀kan sí ọ̀kan, kì í sì í ṣe "bó bá ṣe wà". Ohun tútù ni èèpo, ewébẹ̀, koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu àdá, ìgbẹ́ ẹran. Ohun gbígbẹ ni ewé tó ti wọ́, pòròpórò, páálí yíya, èérún pákó tí wọn kò kùn lọ́dà. Ilé tó ń kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nílò lítà 90 ohun gbígbẹ lọ́sẹ̀ kan náà, ìyẹn tó àpò ńlá kan. Ìgbà tí ewé bá ń wọ́ ni kẹ́ ẹ ti kó o pamọ́. Ẹ̀ ń gbá ewé jọ, ẹ̀ ń dáná sun ún, lẹ́yìn oṣù méjì ẹ ní òkìtì ń rùn! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?

Ẹ gé ohun gbogbo kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ohun gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ìsàlẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Òkìtì gbọ́dọ̀ tó mítà 1 níbùú, mítà 1 lóòró, mítà 1 ní gíga. Èyí tó bá kéré sí i kì í mú ooru dúró. Kó jìnnà sí kànga ní mítà 30, ó kéré tán.

Ti omi: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un dáadáa. Bí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì bá jáde, ó tó. Bó bá ń ṣàn, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ohun gbígbẹ sí i, kẹ́ ẹ yí i pa dà. Bí nǹkan kan kò bá jáde tó sì ń fọ́n ká lọ́wọ́, ẹ wọ́n omi sí i.

Àárín òkìtì gbọ́dọ̀ gbóná dé digírì 55 fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn. Bẹ́ ò bá ní ohun ìwọn ooru, ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fà á yọ, kẹ́ ẹ di orí tó wọlé mú. Bẹ́ ẹ bá lè dì í mú títí ẹ fi ka ení dé ẹ̀wá, kò tíì gbóná tó. Èso koríko àti àrùn ṣì wà láàyè níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yí i pa dà, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni yóò fi jẹrà, ẹ tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 kó rọ̀.

Eérú igi, ẹ̀kúnwọ́ kan sórí ìpele kọ̀ọ̀kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran, egungun, òróró àti ìgbẹ́ ajá tàbí ológbò kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń kánjú tó fẹ́ da ìgbẹ́ ẹran sí oko ní tútù, kó ka ọjọ́. Òfin ọ̀gbìn aláìlo kẹ́míkà ti Amẹ́ríkà ní kó pé ọjọ́ 120 ṣáájú ìkórè ohun tó bá ń kan ilẹ̀, ọjọ́ 90 fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Ìṣirò yẹn dáa fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tí a kì í tún lò

Mo ti rí ike oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń pọn omi mímu. Ẹni tó ni ín sọ fún mi pé òun fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, inú rẹ̀ sì dùn pé òun kò fi nǹkan ṣòfò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó bínú sí mi. Ara ike ń mu oògùn sínú, ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ jáde.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: bí oògùn bá ti tán, ẹ bu omi sí ike náà dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń fọ́n oògùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Oko tẹ́ ẹ ń fọ́n lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fọ́n omi yẹn sí, kì í ṣe odò. Lẹ́yìn náà ẹ lu ìdí ike náà, kó má ṣeé rọ nǹkan sí mọ́, kẹ́ ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kẹta.

Kẹ́ ẹ tó kó ajílẹ̀ sídìí irúgbìn

Koríko tí wọ́n ti fọ́n oògùn apa-èpò sí wà tó jẹ́ pé oògùn náà kì í kú nínú òkìtì, kì í sì í kú nínú ikùn màlúù tó jẹ ẹ́. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹ wá ìkòkò kékeré mẹ́fà. Ẹ da ajílẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ ní ìdajì sí ìdajì sínú mẹ́ta, kí mẹ́ta yòókù jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ nìkan. Ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́ta-mẹ́ta sí wọn, kẹ́ ẹ máa wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ewé àwọn ti ajílẹ̀ bá ká kò bí ife, tí àwọn yòókù sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ tòmátò, ẹ̀wà tàbí ata. Àgbàdo àti àwọn ìbátan koríko lè fara dà á. Oko wọn ni kẹ́ ẹ kó o lọ.