Ìrírí Mi Pẹ̀lú Sienna Tokunbọ̀ Tó Ń Mu Omi

Ìyàwó mi ń se oúnjẹ òde ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìkòkò rẹ̀ kò sì wọ bùùtù ọkọ̀ kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra Toyota Sienna tokunbọ̀, nítorí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá a máa ká wọ ilẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹni tó tà á sọ pé ọkọ̀ 2006 ni. Mo ní kó jẹ́ kí n wo nọ́ńbà ṣásì. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti òǹkà tó wà níbẹ̀, ìkẹwàá wọn ló ń sọ ọdún ọkọ̀. 5 ni mo bá níbẹ̀, 2005 nìyẹn. Ó yọ nǹkan kúrò nínú owó, mo gbé ọkọ̀ wálé.

Kò pẹ́ tí géèjì ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí mo bá bu omi kún un láàárọ̀, yóò ti lọ sílẹ̀ kó tó di alẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò rí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ṣí bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó fìrí, ó ní, "Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ lọ wá owó." Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló dí àárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ kí omi àti ọ́ìlì má baà pò. Ẹ́ńjìnnì V6, onísílíńdà mẹ́fà, sì rèé, orí méjì ló ní! Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó." Inú wọn kò dùn sí i.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá ti jó máa ń ní àmì. Láàárọ̀ kùtùkùtù tí ọkọ̀ ṣì tutù, mo ṣí ìdérí rádíétọ̀. (Ẹ má dán an wò nígbà tó bá gbóná o, omi inú rẹ̀ á bó èèyàn lójú.) Mo tan ọkọ̀, mo tẹjú mọ́ ẹnu rádíétọ̀: omi kò hó, kò yọ ìfófò. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì dá wà, kò pò mọ́ omi kó funfun bí ògì. Èéfín ẹ̀yìn náà kò funfun. Ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ti ń yẹ̀ nìyẹn.

Yanrìn ni iwájú ilé wa, ó ń fa omi mu kí ojú tó rí i. Mo bá tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo fi sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iwájú gbẹ, àmọ́ páálí ẹ̀yìn, nítòsí táyà, ní àbàwọ́n pupa. Omi AC kì í ní àwọ̀, kì í sì í yọ̀. Èyí ń yọ̀ láàárín ìka méjì, òórùn rẹ̀ dùn. Kúláǹtì ni, omi aláwọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Mo yára kó páálí náà dànù, nítorí oró ni, ewúrẹ́ àdúgbò wa kì í sì í bèèrè kó tó lá nǹkan.

Kí ni kúláǹtì ń wá lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú? Ọkọ̀ yìí ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sí àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Páìpù méjì ló ń gbé omi gbígbóná gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n gbádùn ọkọ̀ tán, ìpẹtà ló kù fún wa. Ní 2010, Toyota fúnra wọn pe nǹkan bí 600,000 Sienna padà lọ́hùn-ún, àwọn ti 1998 sí 2010, nítorí okùn irin tó gbé táyà sípíà dání lábẹ́ ọkọ̀ lè dípẹtà kó já. Mo wo tèmi, ó ti pupa. Táyà sípíà ti wọ inú ọkọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan lọ́nà Sábó ló bá mi parí ọ̀rọ̀ omi. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń yáná nínú ọkọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́? Ẹ jẹ́ ká dí i." Ó yọ róbà méjèèjì tó lọ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ya lára róbà iwájú, ó fi róbà kan ṣoṣo so ẹnu méjèèjì pọ̀, ó fi kílíìpù há a. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ó tan híítà iwájú sí gbígbóná, ó ń rọ kúláǹtì díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde tí fáànù sì ṣiṣẹ́. Ẹ má fo ibi afẹ́fẹ́ yìí, torí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ há sínú omi rẹ̀ yóò tún gbóná. Láti ìgbà náà, géèjì kò kúrò láàárín.

Gbígbọ̀n ló kàn. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí mo bá dúró. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, gbé kóòdù P0302 jáde: sílíńdà kejì, ọ̀kan nínú ihò mẹ́fà tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, kò jó dáadáa. Ẹni tó ń ta páàtì ní kí n ra kọ́ọ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì sílíńdà kọ̀ọ̀kan níná. N kò dá a lóhùn. Sílíńdà 2, 4 àti 6 ló wà níwájú níbi tí ọwọ́ ti ń tó wọn; 1, 3 àti 5 wà lẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú nǹkan kí wọ́n tó débẹ̀. Mo pààrọ̀ kọ́ọ̀lì 2 pẹ̀lú ti 4, mo pa kóòdù rẹ́, mo wa ọkọ̀ lọ sọ́nà Ìlọrin díẹ̀. Iná tún tàn, P0304 ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Àìsàn ti bá kọ́ọ̀lì lọ, ẹyọ kan péré ni mo rà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fúnra rẹ̀ ṣí kò tó nǹkan: okùn inú rẹ̀ ti já, mo pa bọ́tìnnì rẹ̀ lójú dáṣíbọọ̀dù, mo fọ eruku ojú irin rẹ̀, ọwọ́ la fi ń ṣí i báyìí. Tíámìn bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí lásìkò kan náà, ni n kò fi ṣeré. Sienna 2004 sí 2006 ló ń lo bẹ́líìtì, ṣéènì ni ti 2007 sókè. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 90,000 máìlì, tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. Mo pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù omi, torí bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù, iṣẹ́ títú kan náà ni.

AC ẹ̀yìn ló ṣì kù. Páìpù tirẹ̀ náà gba abẹ́ ọkọ̀, gáàsì sì ń jò níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ìkòkò kì í làágùn, kí n fi í sílẹ̀ ná.