Bí Oníjó Ṣe Lè Bọ́ Sí Iṣẹ́ Mìíràn Nígbà Tí Ara Ṣì Le

Ní Ilé Opéra ìlú Paris, ọmọ ọdún 42 ni oníjó ń fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wà nílẹ̀ dè é. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì sí ọ. Olórin tó máa ń mú ọ lọ sóde á kàn mú ọmọ ogún ọdún dípò rẹ, fóònù á sì dákẹ́. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè ọ́ lọ́tùn-ún lósì gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibòmíràn ṣe.

Orí owó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Owó oníjó kì í wọlé lóṣooṣù: ó ń ya wọlé ní Disẹ́ńbà, ó sì ń gbẹ nígbà Lẹ́ńtì àti ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Bí wọ́n bá ti sanwó òde kan, yọ ti àjọ sẹ́yìn kí o tó ná kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fẹ́ràn jù, torí wọ́n lè yá ọ lówó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la. Láti 2019 sì ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà, ti ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, ìwọ̀n tí agbára rẹ bá ká ni wàá máa dá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú bébà àti bíró. Kọ gbogbo ohun tí o máa ń ṣe lóde kan sílẹ̀, látìgbà tí wọ́n bá ti pè ọ́ títí di ìgbà tí ẹ máa kó aṣọ padà sínú báàgì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníjó ti ń rẹ ara wọn sílẹ̀, wọ́n á ní, “Ijó nìkan ni mo mọ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wo olórí oníjó níbi ìgbéyàwó: èèyàn mẹ́jọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland ti dá ẹnì kan dúró, iná lọ, onílù yí ìlù padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, aṣọ kejì sì gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ojú lásán ló fi ń pàṣẹ. Ó tún ìlà tò kí àyè ẹni tí kò sí má baà hàn, ó ń fẹsẹ̀ ka ìlù títí gbogbo wọn fi bá a. Àlejò tó ń náwó níwájú kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó lè ṣe irú èyí ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ayẹyẹ ń wá. Nínú ìwé tí o fi ń wáṣẹ́, má kàn kọ “oníjó, ọdún mẹ́wàá.” Kọ ọ́ pé o darí èèyàn mẹ́jọ, o ṣètò ọkọ̀ àti aṣọ wọn, o bá oníbàárà dúnàádúrà, o sì pín owó láìsí ìjà.

Ó wá kan yíyan iṣẹ́. Èyí tó bá ijó tan ló ń yá mówó wọlé. Oníjó tó gbọ́ oríkì, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, ti mọ ìdajì iṣẹ́ alága ìdúró. Kó lọ tẹ̀lé alága àgbà kan, kó máa bá a gbé báàgì, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Kaffy, gbajúmọ̀ oníjó Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé Guinness ní 2006, ń fi ijó kọ́ni ní eré ìdárayá. Funmi Adewole bá àwọn ẹgbẹ́ oníjó ṣeré ní Bìrìtéènì kó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì De Montfort.

Bí iṣẹ́ náà bá ń béèrè ìwé ẹ̀rí, wádìí ohun tí wọ́n ń gbà kí o tó sanwó. Fisiotẹ́rápì máa ń wu oníjó, àmọ́ ó kéré tán, ọdún 5 ni ní yunifásítì, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì sì ni JAMB ń béèrè. NCE nínú eré ìdárayá àti ìlera kò ju ọdún 3 lọ, o sì lè fi ṣe tíṣà. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè kàn sí Dancers' Career Development, tó ń fún oníjó ní ìmọ̀ràn àti ìrànlọ́wọ́ owó ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ó máa dùn ọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń jó láti kékeré, bí wọ́n bá ní “Kí ni iṣẹ́ rẹ?” ó lè má mọ èsì mọ́. Má ṣe dá ìdárayá dúró lójijì, má sì sá fún àwọn tí ẹ jọ jó. Àwọn tó ti kúrò ṣáájú rẹ ni kí o máa bá sọ̀rọ̀ jù.

Dín òde kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o ò ní lè lọ, fi ọ̀dọ́ oníjó tí o gbẹ́kẹ̀ lé ránṣẹ́, kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí iye tó máa kàn ọ́ kó tó gbéra.