Bí mo ṣe yẹ òrùlé ilé wa ní Òkè-Àdó wò kí òjò tó dé

Owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, ni bàbá mi fi ra páànù ilé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ní 1975. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí òrùlé yẹn rí. Bó bá ti jò, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú dí i, ó di ọdún mìíràn. Ní oṣù kìíní, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, sílíìnì yàrá mi ti ń yọ ikùn o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó." Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká ṣí gbogbo páànù dànù, ká fi alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ti béèrè iye tí wọ́n ń ta alumíníọ̀mù tó nípọn tó 0.55 mìlímítà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí á mọ̀ pé kì í ṣe pé mo láhun.

Àsìkò ọyẹ́ gan-an ló dáa fún irú iṣẹ́ yìí. Igi ti gbẹ, páànù ò yọ̀, ọwọ́ káfíńtà sì dilẹ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá fi lè dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ìjì tó ń ṣáájú rẹ̀ ló máa fi ibi tí ìṣó ti tú hàn yín, páànù yín á sì ti wà ní àgbàlá ẹlòmíì.

Mo kọ́kọ́ sọdá títì, mo wo ilé náà láti òdìkejì. Góńgó òrùlé yẹ kó lọ gbọọrọ. Ti ilé ńlá lọ gbọọrọ lóòótọ́, àmọ́ ti yàrá méjì tí wọ́n wá so mọ́ ọn lẹ́yìn nígbà tó yá ti tẹ̀ láàárín. Igi ló ń fa irú ìyẹn, kì í ṣe páànù, nítorí náà mo ti fura sí ẹ̀yìn ilé kí n tó wọlé.

Nínú ilé, tọ́ọ̀ṣì, téèpù àti ṣọ́ọ̀kì ló wà lọ́wọ́ mi. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tó ní òrùka lórí òrùka ni mo ń wá. Omi tó wá tó sì gbẹ ló ń fa òrùka kọ̀ọ̀kan, kò yàtọ̀ sí pé òjò ń kọ ọjọ́ tó dé sílẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ àbàwọ́n tó gbẹ táútáú, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti dí pa. Bó bá rọ̀, tàbí tó ṣì ń rùn ehu nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ, igi òkè rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò. Ní yàrá ẹ̀yìn, àbàwọ́n tó tóbi jù fi ẹsẹ̀ bàtà 4 jìnnà sí ògiri àgbàlá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé béèyàn bá dókè àjà, kò sí yàrá mọ́, òkùnkùn ló kù.

Ẹ kíyè sí i, pláíwúùdù ni sílíìnì tí mo fọwọ́ tẹ̀ yẹn. Ti pálọ̀ wa, asbestos ni, ó sì wọ́pọ̀ nínú ilé ìgbà yẹn. Mi ò fọwọ́ kàn án. Asbestos tó wà bó ṣe wà, tí kò fọ́, kì í dààmú ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gé, tí wọ́n dálu, tàbí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ni eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó sì ń fà lè tó ọdún 20 sí 40 kó tó fara hàn. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti fòfin dè é láti 1999. Káfíńtà tó bá ní òun á fi ayùn gé e fún yín ní wàrà-wesà, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ.

Òwúrọ̀ la gun àjà, torí pé ooru abẹ́ páànù lọ́sàn-án kì í ṣeré. Orí igi la ń tẹ̀, a ò tẹ sílíìnì. Bàbá káfíńtà tó bá mi lọ ti ń kan òrùlé kí wọ́n tó bí mi. Bí mo ṣe ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ihò kiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, pa tọ́ọ̀ṣì yẹn." Mo pa á. Ojú wa mọ́ òkùnkùn díẹ̀díẹ̀, ihò ìṣó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lókè wa bí ìràwọ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi tó sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ kò sí ihò kankan lókè àbàwọ́n yàrá ẹ̀yìn. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì padà, wọ́n sì fi ìka tọ ìlà dúdú kan tó wà lábẹ́ igi tí páànù jókòó lé. Ìlà náà gòkè, ó gba ara igi tó dàgẹ̀rẹ̀, ó kọjá ojú ìdè kan, ó sì parí síbi tí òrùlé ilé ńlá ti pàdé òrùlé yàrá ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ dé ibi tó ti ń kán tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Abẹ́ igi ni omi ń gbà rìn. Bó bá dé ojú ìdè, tàbí tó bá ìṣó tó yọ ẹnu, ó jábọ́. "Àwọn tó ń da ọ̀dà sójú ibi tó ń kán," Bàbá wí, "ọ̀dà ni wọ́n ń fi ṣòfò."

Igi ló kàn. Wọ́n ń fi òòlù kan án, wọ́n ń tẹ́tí. Ti ilé ńlá ń dún bí igi tó le: igi apá ni bàbá mi rà, ikán ò rí i ṣe. Ti yàrá ẹ̀yìn, arère ni. Òòlù kan án, ó dún bòmù, ìyẹ̀fun sì ń dà látinú ihò wẹ́wẹ́. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán, ara ìta ló kù. Ní igun kan, ikán ti fi yẹ̀pẹ̀ la ọ̀nà tóóró gba ara ògiri dé orí igi tó sùn lé e. Ẹ máa wo àwọn igun, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Lórí páànù, Bàbá kò tẹ irin ní ṣákálá. Wọ́n tẹ́ pákó sójú ìlà ìṣó, torí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́. Ìṣó ló pọ̀ jù nínú àléébù tá a rí. Oòrùn ń mú páànù gùn, òtútù òru ń sún un kì, ọdún ń gorí ọdún, ìṣó ń yọ díẹ̀díẹ̀, rọ́bà ìdí rẹ̀ sì ti gbẹ, ó ti fọ́. Lórí yàrá ẹ̀yìn, inú kòtò páànù ni ẹni tó kan án kan ìṣó sí, níbi tí omi ń gbà ṣàn, dípò orí ìgbì. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Dídógún-ún páànù ò bà mí lẹ́rù tó bó ṣe ń ba àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Níbi tó ṣì ní àwọ̀ eérú, síǹkì tí wọ́n fi bo irin ṣì wà. Níbi tó ti pọ́n, síǹkì ti lọ, irin ló kù. Ẹ fi ẹnu súkúrù-díráífà tẹ̀ ẹ́: bí kò bá wọlé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún. Bó bá wọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́ ọ̀dà àtijọ́ ló burú jù, torí omi há sábẹ́ rẹ̀, kò rọ́nà jáde. Gọ́tà tó wà láàárín òrùlé méjèèjì náà kún fún ewé màńgòrò tó ti di ilẹ̀dú. Nígbà tí Bàbá kó o kúrò, a rí inú àjà láti òkè.

Lẹ́yìn àtúnṣe, a fi họ́ọ̀sì dán an wò. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan wà lájà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, gbogbo rẹ̀ á tutù, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti wọlé.

Gọ́tà tuntun, páànù tó yí i ká, igi yàrá ẹ̀yìn tá a fi Solignum, oògùn ikán, kùn kó tó gòkè, àti ìṣó tuntun káàkiri: ohun tá a ṣe nìyẹn. Alumíníọ̀mù dúró ná. Ní ti igi màńgòrò, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun lòun gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e. Ẹ̀ka tó nà sórí páànù nìkan la gé, ayálégbé sì gbà láti máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà lóṣooṣù, bí èso màńgòrò bá ti jẹ́ tirẹ̀.