Ohun tí ojú mi rí lórí ilé gogoro tó lọ́

Írọ́ọ̀dù, irin tí wọ́n ń tò sínú kọnkéré, ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Nígbà tí èsì ìṣirò àkọ́kọ́ jáde, èyí tí ògiri kọnkéré àárín ilé náà, níbi tí lífíìtì ń gbà, máa jẹ nìkan ti kọjá owó tí a yà sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ a kò tíì fi ìjì kankan kún ìṣirò, ìwúwo ara ilé lásán ni. Inú bí mi gan-an, torí ayàwòrán ilé wa ti fi dá oníbàárà lójú pé lílọ́ ilé kì í fi nǹkan kan kún ìnáwó.

Egungun ilé náà, ìyẹn òpó, ògiri àti dẹ́kìn tó gbé e ró, ni iṣẹ́ tèmi: àjà 40, tí dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan fi dígírì 2 yí kúrò lójú ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ kò fún mi ní wàhálà. Òpó ni gbogbo ẹjọ́.

Ayàwòrán fẹ́ kí òpó etí ilé máa bá dẹ́kìn yí lọ sókè. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òpó tó fi mítà 20 jìnnà sí àárín ilé, tó bá yí ní dígírì 2, á sún ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70. Gíga àjà kan kò sì ju mítà 3.5 lọ, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì ni sẹ̀ǹtímítà 70 yẹn. Bí òpó náà bá gbé tọ́ọ̀nù 1,000, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 200 á máa ti ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo òpó yòókù ń tì í lọ́nà kan náà, bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù, ògiri àárín nìkan ló sì máa dá a dúró. Kò tán síbẹ̀ o. Kọnkéré tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kì í yé sún díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn èèyàn á ti kó wọlé, ilé á ṣì máa lọ́ sí i, irin tí lífíìtì ń tọ̀ á sì máa wọ́.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé, wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ. Shanghai Tower, ilé gogoro kan ní Ṣáínà, ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: mítà 632, ó parí ní 2015, ó lọ́ ní dígírì 120, ìrísí rẹ̀ sì dín agbára afẹ́fẹ́ kù ní ìdá 24 nínú 100. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awọ gíláàsì ìta ló lọ́ níbẹ̀! Dẹ́kìn inú rẹ̀ rí rìbìtì, òpó rẹ̀ kò bá gíláàsì yí. Tiwa kò sì tó ìdámẹ́rin gíga rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ lórí àríyànjiyàn yìí, owó oníbàárà ń lọ.

Absolute World, ilé gogoro méjì tó lọ́ ní Mississauga, ní Kánádà, ni mo fi ṣẹ́gun. Èyí tó ga jù nínú ilé méjèèjì ní àjà 56, ó lọ́ ju dígírì 200 lọ, síbẹ̀ àwọn ògiri tó gbé e ró nàró ṣánṣán. Ńṣe ni wọ́n ń gùn tàbí kúrú láti àjà dé àjà bí etí dẹ́kìn ṣe ń yí.

Mo kó àwọn òpó wa wọ àyíká rìbìtì kan tí kò sí dẹ́kìn tí kò borí rẹ̀, mo nà wọ́n ró gangan, mo jẹ́ kí etí dẹ́kìn yọ síta. Ní igun, ó yọ ju mítà 6 lọ, a sì ní láti fi wáyà irin fà á le. Ìyẹn náà gba owó, ṣùgbọ́n kò súnmọ́ ti àkọ́kọ́ rárá. Lílọ́ tí ìwúwo ilé ń fà pòórá kúrò lára ògiri àárín. Mo ṣì ń fi iṣẹ́ yẹn yangàn.

Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó fa ìlà kankan: ṣé awọ ló máa lọ́ ni, àbí egungun? Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán fọwọ́ sí ìdáhùn rẹ̀. Bó bá ní egungun ni, ẹ ṣírò ìwúwo ilé nìkan ná, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń sanwó ní tààrà.