Ẹ̀fọn Ló Ń Gbé Aràn Ọkàn Fún Ajá, Kì í Ṣe Oúnjẹ: Ìwé Ìtọ́sọ́nà Fún Àgbẹ̀, Ọdẹ àti Ìdílé Ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

A kọ ìwé yìí nítorí àwọn ajá ọdẹ tó ń kú mọ́ àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́ ní oko àti abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká. Ajá tó ti ń lé ọ̀yà láti àárọ̀ di ọ̀sán láìsinmi á ṣàdédé máa wúkọ́, á dúró mí hẹlẹhẹlẹ láàrin ọ̀nà, á máa rù, ikùn rẹ̀ á sì wá wú. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ohun kan náà là ń gbọ́: oúnjẹ ló jẹ tó fi kó aràn. Wọ́n á gba ẹ̀bà àti ẹran lẹ́nu ajá, wọ́n á ra oògùn aràn ikùn ní ọjà Tákíé, wọ́n á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lásìkò kan náà, táyà ògbólógbòó tó gbomi òjò dúró wà lẹ́yìn ilé, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe yìí la rí jù, òun la sì fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Aràn ọkàn, èyí tó ń fa irú àìsàn yìí, kì í gba ẹnu wọ ara ajá. Ẹ̀fọn nìkan ló ń gbé e. Láti ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ ní Ítálì ti fi èyí hàn, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ti ní aràn yìí, yóò fa àwọn ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n á dàgbà nínú ẹ̀fọn fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú irú ooru tiwa, nígbà tí ẹ̀fọn náà bá sì jẹ ajá mìíràn, wọ́n á gba ojú ibi tó gún wọlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa rìn nínú ẹran ara títí wọ́n á fi bọ́ sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó máa ń tó oṣù 6 sí 7 kí wọ́n tó gbó kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Abo rẹ̀ tínrín bí sìpàgẹ́tì, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ó lè lo ọdún 5 sí 7 nínú ajá kan.

Nítorí náà, ajá kò lè kó o nínú abọ́ tí ajá mìíràn ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kó o nípa kí wọ́n máa lá ara wọn tàbí kí wọ́n gùn. Ọmọdé tí ajá lá àwo rẹ̀ kò lè tibẹ̀ kó o pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí ẹ fọ àwo náà nítorí àwọn àrùn mìíràn. Bí ajá méjì nínú agbolé kan bá ní in, ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ àwọn méjèèjì. Àwọn aràn mìíràn wà lóòótọ́ tí ajá ń ti inú oúnjẹ kó, pàápàá nínú fùkù àti ẹ̀dọ̀ tútù tí a gbà lọ́wọ́ alápatà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ikùn ni àwọn yẹn ń gbé. Oògùn piperazine àti albendazole tí ẹ ń rà fún aràn ikùn kò lè dènà aràn ọkàn, bí ẹ tilẹ̀ ń lò ó lóṣooṣù.

Omi ni kí ẹ mú lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin sójú omi títí dìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò fò, ọjọ́ 7 sí 10 péré ni lásìkò ooru. Fún ìdí èyí, ẹ máa da gbogbo omi tó dúró nù ní ọjọ́ 5-5, kí ẹ má ṣe dúró de ìparí oṣù tàbí ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹ lọ wo inú táyà tó wà lẹ́yìn ilé yín lónìí. Bí ẹ bá rọra sún mọ́ ọn, ẹ ó rí tanwíjí tó sorí kodò sójú omi, ìrù rẹ̀ ló kan òkè. Bí òjìji yín bá ti ṣú bò ó, á máa ká ara sọ́tùn-ún sósì lọ sí ìsàlẹ̀, á sì tún padà wá mí lókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí níbẹ̀ yóò di ẹ̀fọn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe táyà nìkan: ẹ wo ìkòkò àti dúróọ̀mù tí ẹ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún láfún, èyí tí ẹ máa ń ṣí sílẹ̀ fún òjò nígbà tí iṣẹ́ bá dúró. Ẹ wo agolo, igbá tó fọ́, ọpọ́n omi adìẹ, àti ojú gọ́tà tí pàǹtí dí.

Dída omi nù nìkan kò tó. Irú ẹ̀fọn kan tó ń jẹni lójú mọmọ máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara dúróọ̀mù lókè omi, ẹyin náà sì lè gbẹ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó pa nígbà tí omi bá tún kàn án. Ẹ fi kànrìnkàn ha inú rẹ̀ yí ká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n tàbí aṣọ bo dúróọ̀mù omi mímu, kí ẹ sì so ó pinpin. Ẹ gbé táyà sábẹ́ òrùlé, tàbí kí ẹ lu ihò 3 tàbí 4 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má lè dúró. Abọ́ omi ajá fúnra rẹ̀, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́. A ti bá tanwíjí nínú abọ́ ajá tí ẹni tó ni ín ń ṣàròyé pé ẹran ìṣípà ló fa àìsàn rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ ilé, ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀kọ, iṣu sísè, ìrẹsì, ẹyin sísè àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ dára fún ajá. Ẹ má ṣe fi ebi pa á nítorí aràn tí kò gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Òkèlè nìkan kò sì tó ajá tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ẹran, ẹja tàbí ẹyin mọ́ ọn lójoojúmọ́, kí ẹ sì se fùkù àti ẹ̀dọ̀ títí yóò fi jinná dé inú.

Ọbẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ bu ti ajá sọ́tọ̀ kí ẹ tó da àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ sí i, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ì báà tutù, ì báà jinná, ì báà jẹ́ èyí tí a lọ̀ kúnná. Gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kan nínú ìwọ̀n ara ajá ti tó láti pa á lára. Fún ajá tó wọn kílò 15, gíráàmù 225 ni, bí àlùbọ́sà méjì tí kò tóbi jù. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ pàápàá ń pọ̀ sí i lára. Ááyù, ṣokoléètì, ọtí, àti ṣíngọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol dípò ṣúgà sí kò yẹ ajá rárá. Ẹ má fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè, torí ó máa ń fọ́ ṣóńṣóńṣó. Ẹ má fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Àgbàdo, epà àti búrẹ́dì tó ti bu, tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè jẹ, ẹ má ṣe dà á sílẹ̀ fún ajá, ó ń pa ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Oògùn tó ń dènà aràn ọkàn wà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni à ń lò ó, láti ìgbà tí ọmọ ajá bá ti pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kò sì sí oṣù tí a ń fò nítorí ẹ̀fọn kì í tán ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ aràn tó wọlé lóṣù tó kọjá ni oògùn náà ń pa. Kì í dúró ṣọ́nà de ti oṣù tó ń bọ̀. Ivermectin ni ọ̀kan nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ fún ajá sì jẹ́ màíkírógíráàmù 6 fún kílò kan. Ajá oníkílò 15 nílò màíkírógíráàmù 90 péré. Ẹ fi èyí wé abẹ́rẹ́ màlúù tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ àwọn darandaran: mílílítà 1 péré nínú ìgò náà ní màíkírógíráàmù 10,000, ìyẹn ohun tó lé ní ìlò ajá 100. Màlúù oníkílò 50 ni wọ́n ṣe mílílítà 1 fún. A bẹ̀ yín, ẹ má gún un fún ajá. Ẹ má sì fún un ní Mectizan tí wọ́n ń pín ní abúlé nítorí àrùn afọ́jú etídò, torí hóró kan rẹ̀ ní màíkírógíráàmù 3,000. Ajá tó bá gba àgbàjù oògùn yìí á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa dà itọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó sì lè kú.

Ajá tó bá ti ju oṣù 7 lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà, nítorí bí ọmọ aràn bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kíkú wọn lẹ́ẹ̀kan náà lè dá a dùbúlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba tó sún mọ́ yín, tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ẹ bá rí i pé ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí kò sì lè dìde, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé aràn tó ti gbó wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ 3 ni dókítà máa ń gún sínú ẹran ẹ̀yìn rẹ̀: àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní wákàtí 24 sí ìyẹn. Ibi tí àwọn ọdẹ ti ń pàdánù ajá nìyí. Wọ́n á rí i pé ara rẹ̀ ti ń yá, wọ́n á sì mú un lọ sígbó. Òkú aràn ń já wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lásìkò yẹn, bí ajá náà bá sì sáré, òkú aràn yìí lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá ti jáde títí di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ so ó mọ́lẹ̀ sábẹ́ ibòji, kí ẹ máa fi okùn fà á jáde láti lọ yàgbẹ́ nìkan.

Kí ẹ tó lọ ra oògùn ìdènà, ẹ wọn ajá náà: ẹ gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n tiyín kúrò nínú rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n náà àti ọjọ́ tí ẹ lo oògùn sára kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bí oṣù méjì bá ti fò láìlò ó, ẹ sọ fún dókítà ẹranko kí ẹ tó tún fún un.