Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó kí n tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ l'Ẹ̀pẹ́

₦40,000 ni mo san fún oṣù kan, mo sì tún san ₦40,000 mìíràn lórí nǹkan kan náà. Ó ṣì ń dùn mí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ìyá ìyá mi ta ẹja l'Ọ́jà Olúwo títí ó fi darúgbó, síbẹ̀ n kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. "Òmùwẹ̀ ní í bódò lọ" ni màmá mi fi lé gbogbo wa kúrò létí ọ̀sà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń kọ́ni, kóòṣì nàka sí ògiri òdìkejì adágún ìlúwẹ̀ẹ́, mítà 25. Ó ní kí oṣù tó parí, mo gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ láìdúró. Àfojúsùn tó fún mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Líléfòó sórí omi àti jíju ẹsẹ̀ ò gbà mí tó ọ̀sẹ̀ kan. Mímí ló dá mi dúró. Bí mo bá ti ki ojú bọmi, ńṣe ni mo máa há èémí mọ́ àyà. Kí n tó ju apá ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, àyà mi á ti máa ta bí ẹni fi ata sí i. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó jáde ló ń kó jọ sínú mi, òun ló ń fa ìpayà yẹn. Mà á gbé gbogbo orí sókè, ìdí mi á rì, mà á sì dìde dúró láàárín omi. Mítà 10. Lọ́jọ́ kejì, mítà 10. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Kóòṣì wà létí omi, ó ń pariwo, "Ògiri! Wo ògiri!" Bẹ́ẹ̀ wíwo ògiri yẹn gan-an ló ń gbé orí mi sókè.

Oṣù pé, ó ní kí n san òmíràn. Inú bí mi, mo san án.

Nílé ni mo ti ka ìwádìí tí Barry Zimmerman àti Anastasia Kitsantas gbé jáde ní 1997, lórí àwọn ọmọbìnrin girama ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ́ dáàtì jíjù, ọfà kékeré tí wọ́n ń jù sára pátákó láti gba máàkì. Àwọn tó gbájú mọ́ bí ọwọ́ ṣe ń ju ọfà ṣe dáadáa ju àwọn tó ń lé máàkì lọ. Àwọn tó wá ta gbogbo wọn yọ ni àwọn tó kọ́kọ́ gbájú mọ́ ọwọ́ títí ó fi mọ́ wọn lára, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yíjú sí máàkì lẹ́yìn náà. Mo fò dìde lórí àga. Máàkì ni wọ́n ti ń lé mi sí láti ọjọ́ kìíní!

Ohun tí mo kọ sínú ìwé fún oṣù kejì kò kan ògiri rárá: fẹ́ èémí jáde tán nínú omi, kí o tó yíjú. Mo di irin etí omi mú, mo fẹ́ ẹ títí omi fi ń hó létí mi, mo yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí kan ṣì wà lábẹ́ omi, mo fẹnu fa èémí sínú. Ogún ìgbà lóòjọ́. Kóòṣì ní mò ń fàkókò ṣòfò. N kò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo ń ka apá: mẹ́ta, mí, mẹ́ta, mí. Ọwọ́ mi ṣàdédé gbá nǹkan líle. Ògiri ni! Èmi nìkan ni mo ṣe é, mo sì fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bi kóòṣì yín kí ẹ tó sanwó: kí ni màá ṣe lónìí, lára mi níhìn-ín? Bó bá jẹ́ ògiri ló ń nàka sí, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn.

Oṣù yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ògiri sínú ìwé, mítà 50, àlọ àtàbọ̀. Mímí ti mọ́ mi lára, ó ti yá báyìí. Màmá mi ò tíì gbà kí n wọ ọ̀sà.